Kí ló kan akéwì Irish nínú ikú àwọn Júù?

Ìbéèrè tí àbúrò kan tó ń kàwé ní yunifásítì fi ránṣẹ́ sí mi rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ wa dárúkọ ewì kan tí wọ́n kọ ní èdè Irish, pé àwọn Júù tí Hitler pa ni wọ́n fi ń rántí. Ó yà mí lẹ́nu. Kí ló kan àwọn ará Ireland níbẹ̀? Wọn ò bá wọn ja ogun yẹn. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń gba ẹkún ẹlẹ́kún sun? Tí wọ́n bá sì fẹ́ kí ayé gbọ́, kí ló dé tí wọn ò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́?"

Àbúrò mi, o káre. Ìbéèrè ẹ le díẹ̀ àmọ́ kò burú rárá, àwọn tó yẹ kí wọ́n bèèrè irú ẹ̀ pọ̀ tí wọ́n kàn ń jókòó kọ nóòtì.

Jẹ́ kí n mú ti Gẹ̀ẹ́sì kúrò nílẹ̀ ná. Ewì tí olùkọ́ yín ń sọ, ó ní láti jẹ́ "Shoa" (orúkọ tí àwọn Júù fi èdè Hébérù pe ìpakúpa Hitler yẹn, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Holocaust) tí akéwì obìnrin kan, Máire Mhac an tSaoi, kọ, torí mi ò mọ òmíràn nínú irú ewì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń dárúkọ tó o, orúkọ ẹ̀ náà ni ìyá yẹn sì fi pe ìwé tó wà nínú ẹ̀, Shoa agus Dánta Eile, tó jáde ní 1999. Dublin ni wọ́n bí i sí ní 1922, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ará Dublin ń sọ, àmọ́ ìyá ẹ̀ gbọ́ Irish débi pé ó ń kọ́ àwọn èèyàn, arákùnrin ìyá ẹ̀ kan tó jẹ́ fáda ìjọ Àgùdà, Pádraig de Brún, sì kọ́lé sí Dún Chaoin, abúlé kan létí òkun ní Kerry, níbi tó jẹ́ pé Irish ni wọ́n ń sọ nínú ilé, òun ni wọ́n ń sọ lóde. Ibẹ̀ ni ọmọ yẹn ti ń lo ọlidé láti kékeré, ibẹ̀ ni èdè náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó gboyè lọ́yà, nígbà tí ogun parí ó lọ kàwé ní Paris, ó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ìgbà tó darúgbó gan-an ló wá túmọ̀ àwọn ewì tí Rilke fi èdè Jámánì kọ sí Irish. Nítorí náà kì í ṣe pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ tó bá ti di ewì, Irish ni. Ṣé ẹni tó ń sunkún máa ń kọ́kọ́ bèèrè bóyá àlejò tó wà ní pálọ̀ gbọ́ èdè òun ni?

Ká má parọ́ ṣá, àwọn tó lè kà á bó ṣe kọ ọ́ ò pọ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Ireland ní 2022, àwọn tó ní àwọn gbọ́ Irish lé ní 1,870,000, àmọ́ àwọn tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé kíláàsì ló mú wọn sọ ọ́ kò ju nǹkan bíi 72,000 lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kọ ọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ẹ̀ gan-an, ìyẹn ẹkún ẹlẹ́kún.

Èdè Irish ní ẹkún tiẹ̀ tó ti pẹ́ gan-an. Caoineadh ni wọ́n ń pè é, àwọn obìnrin ló ń sun ún lórí òkú, tewì-tewì. Tí o bá ti gbọ́ ìrèmọ̀jé àwọn ọdẹ rí, o máa tètè mọ ohun tí mò ń sọ, wọ́n á máa ki òkú, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀ bíi pé ó ń gbọ́, àmọ́ nínú tàwọn Irish ẹni tó pa á náà ò ní lọ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á ṣépè fún un kó tó wálẹ̀. Èyí tó lókìkí jù ni èyí tí Eibhlín Dubh Ní Chonaill sun fún Art Ó Laoghaire ọkọ ẹ̀ tí wọ́n yìnbọn pa ní 1773. Ó ní òun bu ẹ̀jẹ̀ ọkọ òun lọ́wọ́, òun mu ún. Ẹkún tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ni Máire jogún, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Irish àtijọ́ dáadáa.

Wá wò ó: kò sun caoineadh fún àwọn Júù. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú dání nìyẹn. Ewì "Shoa" kúrú, kò pariwo, kò sí ibi tó ti pe ara ẹ̀ ní ọmọ olóòkú. Ká ní ó dà á sílẹ̀ bíi ti Eibhlín Dubh ni, tó ní òun náà mu ẹ̀jẹ̀ wọn, èmi fúnra mi ni mi ò bá kọ́kọ́ bínú, mi ò bá ní òótọ́ lo sọ, ó ń gba ẹkún ẹlẹ́kún sun. Kí ló wá ṣe? Ó kọ ọ́ sábẹ́ àkọlé pé nígbà tí òun rí ère kan tí wọ́n fi ń rántí ọ̀rọ̀ náà ní Vienna, ilẹ̀ Austria, 1988. Ìyẹn ni pé láti ìlà àkọ́kọ́ lo ti mọ ibi tó dúró sí: òun kọ́ ni wọ́n pa, kì í ṣe ẹbí ẹni tí wọ́n pa, àlejò tó dúró lójú títì tó ń wo ère ni. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ojú ni obìnrin yìí sì lò ju omijé lọ.

Ère wo? Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ dáadáa torí láìmọ ère yẹn ewì náà ò ní yé èèyàn. Ní oṣù kẹta 1938, ìjọba Austria ti ń múra kí àwọn aráàlú dìbò bóyá wọ́n fẹ́ dá dúró, wọ́n ti fi ọ̀dà kọ ọ́ káàkiri ojú títì àti ara ògiri pé kí èèyàn dìbò pé àwọn fẹ́. Hitler ò jẹ́ kí ìbò náà wáyé, ọjọ́ 12 oṣù yẹn làwọn sójà ẹ̀ wọlé. Kíá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn Júù jáde nínú ilé àti ṣọ́ọ̀bù wọn, arúgbó o, ìyá ọlọ́mọ o, dókítà o, wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n kúnlẹ̀ máa fọ ọ̀dà yẹn kúrò nílẹ̀. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe sójà Jámánì ló yí wọn ká tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ará àdúgbò wọn ni, àwọn tí wọ́n jọ ń kí ara wọn láàárọ̀ ni, fọ́tò ẹ̀ wà, o máa rí ọmọdé láàárín wọn tó ń yọ orí wò. Nǹkan bíi 65,000 Júù ilẹ̀ Austria ni wọ́n pa kí ogun tó parí.

Ọdún 1988 ló pé àádọ́ta ọdún, ìjọba ìlú Vienna sì ní kí agbẹ́gilére wọn kan, Alfred Hrdlicka, ṣe ohun ìrántí sí Albertinaplatz, lẹ́yìn ilé opẹ́rà wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n gbé e sí gan-an, ilé ńlá kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí bọ́ǹbù wó ní oṣù kẹta 1945, àwọn èèyàn tó sá sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ kú síbẹ̀, wọn ò rí gbogbo wọn hú jáde. Òkúta tí Hrdlicka lò fún apá kan ẹ̀, Mauthausen ló ti wá, àgọ́ ìjọba Hitler kan ní Austria níbi tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ òkúta pa àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Láàárín gbogbo ìyẹn ló wá fi idẹ ṣe Júù arúgbó kan onírùngbọ̀n, ó wà lórí ọwọ́ àti eékún, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò gbé e sókè rárá. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. Ǹjẹ́ o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Àwọn tó wá ṣèbẹ̀wò sí Vienna bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lé e lórí, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n rí nǹkan tó tẹ́jú, wọ́n fìdí lé ẹ̀yìn bàbá arúgbó. Ìgbà tó yá ni wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí i lẹ́yìn kí àwọn èèyàn má bàa jókòó mọ́.

Inú ọ̀pọ̀ Júù ò sì dùn sí ère yẹn, mo sì gbà pẹ̀lú wọn, pé lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, orí ìkúnlẹ̀ náà lẹ tún fi wá sí láàárín ìlú? Simon Wiesenthal, Júù kan tó la àgọ́ Hitler já tó sì ń wá àwọn apààyàn náà kiri, ló tẹra mọ́ ọn títí wọ́n fi ṣe òmíràn sí Judenplatz ní Vienna kan náà, Rachel Whiteread ló ṣe ìyẹn, ó ṣe é bíi yàrá ìwé tí ẹ̀yìn gbogbo ìwé kọjú sínú tí o ò lè ka orúkọ ọ̀kankan, wọ́n ṣí i ní 2000. Ìyẹn wu èmi ju ti Hrdlicka lọ, àmọ́ ti Hrdlicka ló bí ewì.

Nínú ewì náà, bàbá yẹn wà lórí ọwọ́ àti eékún, yìnyín wúwo léjìká ẹ̀, ère idẹ náà sì lanu, ó ní báyìí ni ìran òun ṣe fọ ojú títì Vienna ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ṣé o rí i? Idẹ ló ń sọ̀rọ̀. Kò ya ẹnu òkú lò, kò ní "èmi Júù", irin tí ẹlòmíràn rọ sójú títì tí gbogbo èèyàn ń rí ló gbà láyè kó sọ̀rọ̀, òun akéwì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò ní tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ níbí, lọ kà á.

Ó tún ku ohun tó o sọ pé wọn ò bá wọn ja ogun yẹn. Òótọ́ ni, Ireland ní àwọn ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ireland wọ iṣẹ́ sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wọ́n nìyẹn gan-an. Àwọn Júù tó ń sá àsálà ń wá ibi tí wọ́n máa forí pamọ́ sí, Ireland ò sì gbà ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Aṣojú wọn ní Berlin títí di 1939, Charles Bewley, kò fẹ́ràn Júù rárá, kò sì fi bò, irú ẹni tí àwọn tó ń wá físà ń bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Kó tó dìgbà yẹn pàápàá, ní 1904, fáda kan ní Limerick ti gbé orí àga ìwàásù sọ fún ìjọ ẹ̀ pé kí wọ́n má ra nǹkan lọ́wọ́ Júù mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ìlú sílẹ̀. Ó wá tún burú sí i: ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1945 làwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì wọ àgọ́ Bergen-Belsen tí wọ́n bá òkú lórí òkú, ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì lé díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, de Valera tó jẹ́ olórí ìjọba Ireland dìde ó lọ kí aṣojú Jámánì ní Dublin kú àjálù, pé Hitler kú. Àwọn tó ń gbèjà ẹ̀ ní ètò ìjọba ló tẹ̀ lé. Ètò wo, jàre?

Obìnrin kan wà tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Ettie Steinberg, Dublin ló dàgbà sí, South Circular Road, ó kàwé ní iléèwé St Catherine's níbẹ̀. Ó fẹ́ ọmọ Belgium kan ní 1937, wọ́n kó lọ sí Belgium, láti ibẹ̀ wọ́n bọ́ sí ilẹ̀ Faransé, wọ́n bí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leon. Nígbà tí ọwọ́ ń sún mọ́ wọn, àwọn ẹbí ẹ̀ ní Dublin sáré sókè sódò títí wọ́n fi rí físà gbà fún wọn, kì í ṣe ti Dublin o, ti Belfast ni, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Físà náà dé Toulouse, ní ilẹ̀ Faransé, lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ti kó wọn lọ. Nínú rélùwéè tó ń gbé wọn lọ, Ettie ju káàdì kan gba ojú fèrèsé, ẹnì kan he é, ó fi ránṣẹ́, ó dé Dublin. Ó fi àwọn orúkọ èdè Hébérù bo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀: àwọn ò rí Bùrọ̀dá Búrẹ́dì mọ́, Bùrọ̀dá Tisha B'Av làwọn rí, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn Júù ń gbààwẹ̀ torí tẹ́ńpìlì wọn tí wọ́n wó. Oṣù kẹsàn-án 1942 ni wọ́n kó wọn dé Auschwitz, àgọ́ tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù ní Poland, bàbá, ìyá àti ọmọ. Ní 2022 ni wọ́n tó ri òkúta ìrántí mọ́lẹ̀ níwájú iléèwé tó lọ yẹn.

Wàyí o, ta ni bàbá Máire Mhac an tSaoi? Seán MacEntee ni. Mínísítà ni lábẹ́ de Valera, látìgbà táwọn Júù ti ń wá físà títí ogun fi parí, inú kábínẹ́ẹ̀tì ló wà. Mi ò ní òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ ti ìlẹ̀kùn, mi ò sì ní ewì náà dárúkọ ẹ̀. Àmọ́ ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì yẹn, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọmọbìnrin yìí dàgbà wà lára àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Tó o bá ti mọ ìyẹn, ìbéèrè ẹ pé kí ló kàn án á yí padà, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé òun ló kàn jù nínú gbogbo akéwì wọn.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò ó pé ewì lásán ni, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kó gbọ́ èyí. Ẹgbẹ́ kan wà ní Ireland tó ń jẹ́ Aosdána, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tí orílẹ̀-èdè dá lọ́lá ló wà nínú ẹ̀, oyè tó ga jù níbẹ̀ ni Saoi. Ní 1996 wọ́n fi Francis Stuart jẹ Saoi, ààrẹ orílẹ̀-èdè ló fi ẹ̀gbà wúrà sí i lọ́rùn. Stuart yìí, Berlin ló wà nígbà ogun, ó ń kọ́ wọn níwèé ní yunifásítì, láti 1942 sí 1944 ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò Hitler sí àwọn ará Ireland nílé. Ní 1997 tí ọ̀rọ̀ kan tó sọ lórí tẹlifíṣọ̀n nípa Júù dá wàhálà sílẹ̀, Máire dìde nínú ẹgbẹ́, ó ní kí wọ́n dìbò lórí ẹ̀. Wọ́n dì í. Ó fìdí rẹmi. Ó kọ̀wé fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún kan péré ṣáájú ni wọ́n gbà á wọlé o, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé tó fi "Shoa" pè jáde. Má sọ fún mi pé ó kàn ṣàdédé yan orúkọ yẹn sí iwájú ìwé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún, torí o máa bá a pàdé. Àwọn kan wà tí wọ́n máa sọ pé àwọn Irish lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹkún yìí torí ebi ńlá tó mú ní ilẹ̀ wọn láti 1845, tó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn, pé Holocaust tiwọn nìyẹn. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìyà ò ṣe é gbé sórí òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ń fi òkú tiẹ̀ sọ ara ẹ̀ di ẹbí òkú ẹlòmíràn ló ń gba ẹkún ẹlẹ́kún sun lóòótọ́. Ibi tí mo gbà pé wọ́n ti pàdé ni ti èdè. Àwọn tó ń sọ Irish ni ebi yẹn pa jù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, èdè náà ò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Júù tí Hitler pa, Yiddish ni wọ́n ń sọ nílé, èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà, tí wọ́n fi ń bú ara wọn, tí wọ́n fi ń kọ ewì. Akéwì Yiddish kan, Avrom Sutzkever, tó la gẹ́tò Vilna já, ìyẹn àdúgbò tí wọ́n há àwọn Júù mọ́, nígbà tí wọ́n pè é sí Nuremberg ní 1946, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ àwọn aṣáájú ìjọba Hitler, kó wá jẹ́rìí, Yiddish ló fẹ́ fi sọ̀rọ̀, wọn ò gbà, Russian ló fi sọ ọ́. Ẹni tó ń kọ Irish á mọ bí ìyẹn ṣe ń dunni láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé.

Kì í sì ṣe Máire nìkan ló ń ṣọ̀fọ̀ òkú ilẹ̀ òkèèrè ní èdè yẹn. Eoghan Ó Tuairisc ti kọ "Aifreann na Marbh" ní 1964, ewì gígùn kan nípa Hiroshima, ó tò ó bí wọ́n ṣe ń to Máàsì òkú, àmọ́ ojú títì Dublin ló gbé e sí. Michael Davitt náà, nígbà tó rí òkú àwọn ará Palestine lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1982, lẹ́yìn ìpakúpa ti Beirut, ó kọ "Ó Mo Bheirt Phailistíneach", ó ṣílẹ̀kùn yàrá níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀ méjì ti ń sùn, òkú tó rí lórí tẹlifíṣọ̀n ló tún rí. Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú kíláàsì yín máa fẹ́ fi ewì kan na èkejì, kó ní tẹ́ ẹ bá ń ka ti Júù ẹ ò gbọ́dọ̀ ka ti Palestine, tàbí kó yí i padà. Ẹ ka méjèèjì. Ti Davitt gba omijé lójú èèyàn ju ti Máire lọ, kí n má tàn ẹ́, ṣùgbọ́n Davitt kó òkú wọlé sínú yàrá ọmọ ẹ̀, Máire fi tiẹ̀ sílẹ̀ lójú títì níbi tó wà, ọgbọ́n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìjíròrò tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn.

Tó o bá fẹ́ kà á láìgbọ́ Irish, wá ìwé kan tí Louis de Paor ṣètò ẹ̀, An Paróiste Míorúilteach, 2011, àṣàyàn ewì Máire ni, Irish wà ní ojú ìwé kan, Gẹ̀ẹ́sì wà ní èkejì. Kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka "Shoa", kọ́kọ́ wo fọ́tò ère Hrdlicka, èyí tí wọ́n yà kí wọ́n tó fi wáyà sí i, kó o rí bó ṣe lọ sílẹ̀ tó.